Tí Kọ̀ǹpútà Bá Ṣìṣe, Ta La Máa Mú?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tíṣà bíi tèmi, ẹ̀yin òbí. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ayé òde òní, lórí tẹkinọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ àti òṣèlú. Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ̀ ju ìjókòó kan lọ, torí náà ẹyọ kan péré ni mo mú nínú ẹ̀, èyí tó ń dùn mí jù. Ẹyọ náà ni gbólóhùn kan tí kò sẹ́ni tí kò tíì gbọ́ ọ rí nínú wa, yálà ní báǹkì ni o, ní ọsibítù ni o, níléèwé tàbí ní ọ́fíìsì ìjọba: "Kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ẹ fọkàn bá mi débẹ̀. Èèyàn kan dúró níwájú káńtà, wọ́n ní ó jẹ gbèsè tí kò jẹ, ọmọ tó jókòó lódìkejì tẹ bọ́tìnnì méjì mẹ́ta, ó wo ojú ẹ̀rọ, ó ní ẹ má bínú, ohun tí kọ̀ǹpútà gbé wá nìyí. Ọmọ yẹn ò purọ́, ohun tó rí ló sọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní "ó dáa, ta ló sọ fún kọ̀ǹpútà?", kò mọ̀, ọ̀gá ẹ̀ náà ò mọ̀, ẹni tó mọ̀ wà níbi tí ẹsẹ̀ yín ò lè dé, ó tiẹ̀ lè ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí mo wá sọ lónìí ò ju báyìí lọ: kò sí ìpinnu tí ẹ̀rọ ṣe tí kò sí èèyàn nídìí ẹ̀, àwùjọ tó bá sì ń jẹ́ kí èèyàn yẹn sá pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ ti gba ìwà ìkà láyè, bí kò bá tiẹ̀ sí òṣìkà kankan láàárín wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1999 ni pósófíìsì wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sọ́fítíwià kan tó ń jẹ́ Horizon, èyí tí ilé iṣẹ́ Fujitsu ń bójú tó, sínú àwọn ẹ̀ka kéékèèké tó wà káàkiri abúlé àti àdúgbò, kó lè máa ṣírò owó tó ń wọlé àti owó tó ń jáde. Àwọn tó ń ṣe kòkáárí ẹ̀ka wọ̀nyí, èèyàn jẹ́jẹ́ lọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹlòmíì ti kó gbogbo owó tó tù jọ láyé ẹ̀ sí i. Ó ṣe díẹ̀, Horizon bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé owó ò pé. Wọ́n á kà á títí ilẹ̀ á fi ṣú, owó á pé lọ́wọ́ wọn, kò ní pé lójú ẹ̀rọ. Tí wọ́n bá fi fóònù pe àwọn tó yẹ kó ràn wọ́n lọ́wọ́, ohun tí wọ́n ń sọ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ni pé ìwọ nìkan lo nírú ìṣòro yìí o, kò sẹ́lòmíì. Ẹ wo ohun tí irú ọ̀rọ̀ yẹn máa ń fi èèyàn ṣe. Tó o bá ti gbọ́ pé ìwọ nìkan ni, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ara ẹ, wàá fura sí ọmọ tó ń bá ẹ ṣiṣẹ́, wàá fura sí ọkọ tàbí ìyàwó ẹ, lẹ́yìn náà wàá lọ yáwó láti fi dí ibi tí kò sí ihò.

Ó lé ní 900 èèyàn tí wọ́n dá lẹ́bi láàárín 1999 sí 2015, wọ́n ní olè ni wọ́n, oníjìbìtì ni wọ́n. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n, ilé bọ́ lọ́wọ́ àwọn kan, àwọn kan gbẹ̀mí ara wọn. Seema Misra lóyún sínú nígbà tí wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ní 2010, ọjọ́ yẹn gan-an sì lọmọ ẹ̀ ọkùnrin pé ọmọ ọdún 10. Ó di 2021 kí kóòtù tó wá fagi lé ẹ̀bi tí wọ́n dá a.

Ẹ wò ó, lásìkò tí wọ́n ń dá ẹjọ́ wọ̀nyí, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí kóòtù gbà pé kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ dáadáa àfi tí ẹ̀rí bá wà pé kò rí bẹ́ẹ̀. Báwo ni obìnrin tó ń ta sítáǹpù lábúlé ṣe fẹ́ mú ẹ̀rí wá nípa ohun tó wà nínú sọ́fítíwià tí wọ́n kọ síbòmíì tí wọ́n sì tì pa mọ́ ọn lójú? Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ti ẹ̀rọ ni wọ́n gbọ́ níbí, ẹ̀rọ ò sì ṣeé gbé dúró nílé ẹjọ́ kí lọ́yà bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Àwọn 555 nínú àwọn tó ń ṣe kòkáárí ẹ̀ka wọ̀nyí ló kó ara wọn jọ, Alan Bates tóun náà jẹ́ ọ̀kan lára wọn ṣáájú, wọ́n gbé pósófíìsì lọ sí kóòtù. Ní oṣù kejìlá 2019 adájọ́ sọ ọ́ pé lóòótọ́ ni àṣìṣe wà nínú Horizon, ó sì lè mú kí owó dín nínú ìwé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí i. Ó di 2024 kí ilé aṣòfin wọn tó ṣòfin tó nu ẹ̀bi ọ̀pọ̀ àwọn tó kù nù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi ò bínú pé sọ́fítíwià ní àṣìṣe o, gbogbo sọ́fítíwià ló ní i, èyí tó wà nínú fóònù yín báyìí náà ní i. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn kan mọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ Fujitsu lè jókòó síbi tí wọ́n wà kí wọ́n wọ inú àkáǹtì ẹ̀ka kan láìjẹ́ pé ẹni tó ń bójú tó o mọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni pósófíìsì fi ń sọ pé kò ṣeé ṣe. Èèyàn ló fẹnu ara ẹ̀ sọ ìyẹn.

Ó yá, ká bọ́ sí iléèwé, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi wà. Ẹ rántí 2020, tí àrùn Kòrónà ti gbogbo ayé mọ́lé. Wọn ò lè ṣe ìdánwò A-level, èyí tí àwọn ọmọ fi ń wọ yunifásítì, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún yẹn. Àwọn tíṣà wá fi máàkì tí wọ́n gbà pé ọmọ kọ̀ọ̀kan ì bá gbà ránṣẹ́, Ofqual tó ń mójú tó ìdánwò níbẹ̀ kó gbogbo ẹ̀ sínú algorithm, ìyẹn ìlànà ìṣirò tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà, tó ń wo bí iléèwé náà ṣe ṣe láwọn ọdún tó ti kọjá. Nígbà tí èsì jáde lọ́jọ́ 13 oṣù kẹjọ, bí ìdá 40 nínú 100 máàkì tí àwọn tíṣà fi sílẹ̀ ni ẹ̀rọ ti fà wálẹ̀. Ọmọ tó mọ̀wé dáadáa àmọ́ tó bá ara ẹ̀ níléèwé tí àwọn tó ti jáde níbẹ̀ kì í ṣe dáadáa, ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tó ṣáájú ẹ̀ ni wọ́n fi dá a lẹ́bi. Kíláàsì tí ọmọ inú ẹ̀ kéré gan-an, máàkì tíṣà ni wọ́n gbà níbẹ̀, iléèwé olówó ló sì sábà máa ń nírú kíláàsì bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó nípàdé tó ní ẹ jẹ́ ká fìyà jẹ ọmọ tálákà, kò tiẹ̀ pọn dandan kẹ́nikẹ́ni sọ ọ́, ìṣirò ti bá wọn ṣe é.

Àwọn ọmọ yẹn ò jókòó sílé o! Wọ́n bọ́ sí títì, wọ́n ń pariwo mọ́ algorithm, nígbà tó máa fi di ọjọ́ 17 ìjọba ti yí ọ̀rọ̀ padà, wọ́n ní máàkì tíṣà ni kí wọ́n gbà. Inú mi ṣì ń dùn sí àwọn ọmọ náà títí dòní. Àmọ́ lóṣù yẹn kan náà, Boris Johnson tó jẹ́ olórí ìjọba wọn lọ síléèwé kan, ó sọ fáwọn ọmọ ibẹ̀ pé algorithm kan tó dà bí ẹ̀dá abàmì ló fẹ́ ba èsì wọn jẹ́. Rárá o. Algorithm kì í bí ara ẹ̀. Ìjọba ló ní kí máàkì ọdún náà má yàtọ̀ púpọ̀ sí tàtẹ̀yìnwá, Ofqual kọ ìṣirò tó máa mú un ṣẹ, àwọn ọ̀gá wò ó, wọ́n fọwọ́ sí i. Gbogbo wọn ló lórúkọ, gbogbo wọn ló ní tábìlì tí wọ́n ń jókòó tì.

Èyí tó tún wà lójú ọpọ́n báyìí ni ti àròkọ. Láti ìgbà tí ChatGPT, sọ́fítíwià tó lè bá èèyàn kọ̀wé, ti jáde ní oṣù kọkànlá 2022 ni àwọn iléèwé ti ń wá ẹ̀rọ tó máa bá wọn mú ọmọ tó bá fi ẹ̀rọ kọ iṣẹ́ ẹ̀. OpenAI tó ṣe ChatGPT náà ṣe irú ẹ̀ kan, nígbà tó di oṣù keje 2023 wọ́n gbé e kúrò nílẹ̀ torí pé àṣìṣe ẹ̀ ti pọ̀ jù. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn olùwádìí kan ní yunifásítì Stanford kó àròkọ 91 jọ, àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn ló kọ ọ́ fún TOEFL, ìyẹn ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbé e síwájú irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ní ìpíndọ́gba, àwọn ẹ̀rọ náà pe ohun tó ju ìdajì lọ nínú ẹ̀ ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Èèyàn ló kọ gbogbo ẹ̀ o. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn ò ju pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ̀ lédè náà ò pọ̀, wọ́n sì lo ọ̀rọ̀ tó rọrùn.

Mo rí ọmọbìnrin kan tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, mi ò ní dárúkọ iléèwé náà. Ọmọ yẹn gbé ìwé tó kọ́kọ́ fọwọ́ kọ iṣẹ́ náà sí wá síwájú ìgbìmọ̀, èmi náà ṣí i wò. Ó ti fi báírò fagi lé ọ̀rọ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún, ìpínrọ̀ kejì ó tún un kọ títí tí ojú ewé náà fi fẹ́ ya, létí ìwé ó kọ ọ́ síbẹ̀ kékeré: "bi tíṣà, ṣé báyìí ni?" Ẹ sọ fún mi, ẹ̀rọ wo ló ń kọ ìbéèrè tó fẹ́ bi tíṣà sétí ìwé? Àwọn tó jókòó síbẹ̀ ò ṣí i kọjá ojú ewé kìíní, nọ́ńbà pupa tó wà lójú kọ̀ǹpútà ni gbogbo wọn ń wò. Wọ́n ní kó fi ẹ̀rí hàn pé òun kọ́ ló rán ẹ̀rọ níṣẹ́. Òdo ni wọ́n fún un. Nígbà tí mo ní kó pe ẹjọ́ náà padà, ó ní tíṣà, ó ti sú mi.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ni mo máa ń rò tí mo bá ń wo ohun tí à ń pè ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Tíṣà ìṣirò ò ní gbà kí ọmọ ọdún 9 kàn kọ ìdáhùn kalẹ̀, á ní iṣẹ́ ẹ dà, báwo lo ṣe dé bẹ̀? Bí ìdáhùn bá tiẹ̀ tọ̀nà, tí kò bá ti ṣiṣẹ́ ẹ̀ síta, máàkì á dín. Àwa tá à ń fi ìyẹn kọ́ ọmọ la wá ń gba ìdáhùn lọ́wọ́ ẹ̀rọ láìbéèrè iṣẹ́, ìdáhùn tó lè rán èèyàn lẹ́wọ̀n, tó lè gba ipò yunifásítì lọ́wọ́ ọmọ. Bí wọ́n ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà, àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n jù wá lọ, kò sẹ́ni tó nílò àtikọ́ wọn nìyẹn mọ́. Ohun tó kù tá a máa kọ́ wọn ni kí wọ́n lè bi í pé iṣẹ́ ẹ dà. Joseph Weizenbaum, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà tó gbé ELIZA jáde ní 1966, ọ̀kan lára àwọn sọ́fítíwià àkọ́kọ́ tó ń bá èèyàn tàkúrọ̀sọ, rí i pé akọ̀wé òun fúnra ẹ̀, tó mọ̀ pé ọ̀gá òun ló kọ ọ́, ní kí ọ̀gá bọ́ síta kóun lè bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀. Ìyẹn kó o láyà sókè. Láti ìgbà náà ló ti ń sọ ọ́ fẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé àwọn nǹkan kan wà tí kò yẹ ká fi lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, bó tiẹ̀ lè ṣe é. Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀, ìdájọ́ lórí ọmọlọ́mọ wà lára ẹ̀.

Òṣèlú ni mo fẹ́ pẹ́ sí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni agbára wà. Ní ilẹ̀ Netherlands, ìjọba máa ń fún òbí lówó ìrànwọ́ kí wọ́n lè fi san owó ibi tí wọ́n ti ń bá wọn tọ́jú ọmọ. Àjọ owó orí wọn wá ń lo ẹ̀rọ kan tó ń yan àwọn tó ṣeé ṣe kí wọ́n máa lu jìbìtì, bóyá èèyàn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà tàbí kò jẹ́ sì wà lára ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń wò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òbí ni wọ́n sọ di oníjìbìtì, nígbà míì torí pé wọn ò fọwọ́ síwèé níbì kan, wọ́n ní kí wọ́n kó gbogbo owó náà padà, ti ẹlòmíì ju 10,000 yúrò lọ fíìfíì. Ìgbéyàwó tú, ilé bọ́, nínú àwọn ìdílé tí ọ̀rọ̀ yìí bá, ó lé ní 1,000 ọmọ tí wọ́n gbà kúrò lọ́wọ́ òbí. Tí òbí bá ní kí wọ́n jẹ́ kóun rí fáìlì òun kóun lè mọ ohun tóun ṣe gan-an, wọ́n á fún un lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti fi dúdú pa ojú ewé tó pọ̀ níbẹ̀ rẹ́. Ẹ ro ara yín wò pẹ̀lú bébà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́: orúkọ yín wà lókè, gbèsè yín wà nísàlẹ̀, gbogbo àárín ẹ̀ dúdú.

Ní oṣù kìíní 2021, gbogbo ìjọba Mark Rutte, olórí ìjọba wọn nígbà náà, fipò sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Oṣù kẹta ìdìbò dé, ẹgbẹ́ ẹ̀ ló tún gbapò kìíní, òun náà ló sì ń ṣe olórí ìjọba lọ títí di 2024. Mi ò ní kí àwọn ará ibẹ̀ má dìbò fẹ́ni tó wù wọ́n o, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé tí gbogbo ilé bá jọ gbé ẹ̀bi, ẹ̀bi náà á fúyẹ́ débi pé kò sọ́rùn tó máa dùn.

Ní Australia náà, ìjọba ṣe ètò kan tí wọ́n ń pè ní Robodebt, tí ẹ̀rọ fi ń wá ẹni tó jẹ gbèsè owó ìrànwọ́. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́ta, tíṣẹ́ wá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, tó lọ gba owó ìrànwọ́. Ẹ̀rọ á pín owó oṣù mẹ́ta yẹn sórí gbogbo ọdún lọ́gbọọgba, á wá ní ó ń gbowó iṣẹ́ nígbà tó ń gba ìrànwọ́, lẹ́tà gbèsè á dé. Ó lé ní 400,000 èèyàn tí wọ́n fi irú ìṣirò yìí kó gbèsè lé lórí. Bẹ́ẹ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni àwọn lọ́yà tó wà nínú ìjọba ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò bófin mu. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Catherine Holmes darí sọ ọ́ ní 2023 pé ètò ìkà ni, kò tọ́, kò sì bófin mu.

Mo ti ronú sí i gan-an, kí ló dé tí àwọn tó wà nípò fi fẹ́ràn irú ẹ̀rọ báyìí tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní torí pé ó yára, torí pé owó tó ń ná wọn kéré. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun míì wà níbẹ̀. Láyé tí kò tíì sí kọ̀ǹpútà, tí ìjọba bá fẹ́ kọ lẹ́tà gbèsè sí 400,000 èèyàn, akọ̀wé tí wọ́n máa kó síṣẹ́ náà á pọ̀ lọ súà, nínú gbogbo wọn ẹnì kan ṣáà máa wà tó máa gbé fáìlì kan lọ bá ọ̀gá, á ní ọ̀gá, ti màmá yìí ò yé mi o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó, owó yìí ò jọ gbèsè lójú mi. Ẹlòmíì á kọ̀ ọ́ jálẹ̀, ẹlòmíì á lọ fọ̀rọ̀ tó oníròyìn létí. Ẹ̀rí ọkàn àwọn èèyàn kéékèèké yẹn ti gba ọ̀pọ̀ ìlú là rí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sínú ìwé. Àwọn gan-an ni ẹ̀rọ lé kúrò níbi iṣẹ́, kò sì sí nǹkan kan tá a fi dípò wọn.

Ẹjọ́ kan wà tó dùn mọ́ mi. Ìyá àgbà ọkùnrin kan ní Kánádà kú ní 2022, ó lọ bi chatbot, ìyẹn sọ́fítíwià tó ń dáhùn ìbéèrè oníbàárà, ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Air Canada bóyá ẹ̀dínwó wà fẹ́ni tó ń lọ síbi òkú, ìyẹn ní kó ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀, tó bá yá kó wá gba owó padà láàárín 90 ọjọ́. Nígbà tó béèrè, wọ́n ní òfin àwọn ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ní British Columbia, ilé iṣẹ́ náà ní chatbot yẹn dá dúró fúnra ẹ̀ lábẹ́ òfin, òun ni kó dáhùn fún ohun tó sọ. Ní oṣù kejì 2024 onídàájọ́ kọ̀, ó ní ohun tó bá ti wà lórí wẹ́ẹ̀bù yín, ẹ̀yin lẹ ni ín, ẹ sanwó fún un. Owó náà ò tó 1,000 dọ́là, àmọ́ irú ìdájọ́ tí mo fẹ́ káàkiri ayé nìyẹn. GDPR, òfin tí àwọn ará Yúróòpù fi ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa èèyàn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, náà ti sọ ọ́ ní abala 22 pé kí ẹ̀rọ nìkan má dá ìpinnu tó wúwo ṣe lórí èèyàn, àfi láwọn ibi tí òfin náà yọ sílẹ̀, kódà ní ọ̀pọ̀ nínú ibẹ̀ èèyàn ṣì lè béèrè pé kí ọmọ aráyé dá sí i. Ó dáa. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni kí wọ́n má lọ gbé ẹnì kan jókòó tí á kàn máa tẹ "mo gbà" láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹni tí kò láṣẹ láti sọ pé rárá, tí kò sì ráyè ka fáìlì, kò dá sí nǹkan kan.

Àwa náà ńkọ́? Tá a bá fi irọ́ ránṣẹ́ sórí WhatsApp tó ba orúkọ ẹnì kan jẹ́, ohun tá a máa ń sọ ni pé "bí mo ṣe rí i ni mo ṣe fi ránṣẹ́." Ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ kékeré ò ní lẹ́nu láti bá ìjọba wí níbi ńlá. Ọwọ́ ẹ ló tẹ̀ ẹ́, ìwọ lo ni ín.

Torí náà, ẹni tó bá wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ mi, tó ń ṣèlérí pé òun máa gbé ẹ̀rọ tuntun wá síléèwé, sí kóòtù, sí ọsibítù, mi ò ní lé e. Mo máa bi í pé ta ló máa fọwọ́ síwèé lórí ohun tí ẹ̀rọ yẹn bá sọ, kó dárúkọ ẹni náà fún mi, kó sọ ọ́fíìsì tí mo ti lè rí i, ọjọ́ wo ni ìlẹ̀kùn ẹ̀ ń ṣí. Ṣé ẹni yẹn máa lè ṣiṣẹ́ síta fún mi bí ọmọ kíláàsì kẹta ṣe ń ṣe é, lédè tí ìyá mi gbọ́? Ṣé ó láṣẹ láti wo ojú ẹ̀rọ kó ní rárá, ìwọ lo ṣìṣe, màmá yìí ò jẹ gbèsè? Tí kò bá rí ìdáhùn sí ìyẹn, kó gbé ẹ̀rọ ẹ̀ dúró ná. Ẹ̀yin ọmọléèwé tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn yẹn, ẹ ò tíì dàgbà tó ẹni tí ń dìbò àmọ́ ẹ ti tó ẹni tí ń béèrè, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ èmi tíṣà yín lọ́la, ẹ ní tíṣà, báwo lẹ ṣe dé orí máàkì yìí.